Sí Àṣàkẹ́, Lórí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kì Í Relé fún Kérésì

Alief, Houston, Texas
Oṣù Kọkànlá, 1988

Àṣàkẹ́ mi, Títílayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú òtútù. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Káyọ̀dé àbúrò rẹ náà ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá lóòótọ́ ni omi odò yín ní Minisóta ti dì tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò ń gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀.

Láti ọjọ́ Àìkú tí a ti sọ̀rọ̀ ni mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Lórí fóònù, ìwọ ń sáré, èmi náà ń sáré, bàbá yín sì dúró tì mí, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ gba ìjókòó. Mi ò níṣẹ́ lọ́sibítù lónìí, mo ti gbé ọbẹ̀ ka iná, mo sì ti pa tẹlifíṣọ̀n.

Kí n kọ́kọ́ sọ pé inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí. Kí yunifásítì fi odidi họ́sítẹ́ẹ̀lì lé ọmọ mi lọ́wọ́, pé kó máa bójú tó ọmọ ọlọ́mọ, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ ní Abẹ́òkúta kí a tó mú ọ wá síbí, ká ní wọ́n wà láyé ni, gbogbo àdúgbò ni yóò ti gbọ́. Nígbà tí o wá sọ pé iṣẹ́ yìí kan náà ni kò ní jẹ́ kí o wá sílé fún Kérésì, inú mi kò dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi mú bírò.

Gbólóhùn kan tí o sọ kẹ́yìn ni. O ní tí ìsinmi ìgbà òtútù bá dé, tí àwọn yòókù bá ti relé, àwọn ọmọ tó wá láti òkè òkun nìkan ni yóò kù, àwọn náà kò sì ní pọ̀. O ní iṣẹ́ náà kò le. O ní wàá kàn bi kálukú wọn bóyá ó níbi tó ń lọ. Ẹni tó bá ní òun níbi tí òun ń lọ, kó gbé báàgì rẹ̀, ó dàbọ̀.

Ọmọ mi, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá Wándé fún ọ.

O rántí Bùọ̀dá Wándé, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí a ṣì ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn onítáyà. O rántí pé ó wá dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ wa lọ́dún tí òtútù mú Houston, tó ń wúkọ́, tí a ní kí ìwọ àti Káyọ̀dé má pariwo. Háí-sukúùlù lo wà nígbà náà. A sọ fún yín pé ara rẹ̀ kò yá, ó parí síbẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ gan-an, n kò sọ fún yín rí. Nísinsìnyí tí ìwọ náà ti di olórí ilé, ó tọ́ kí o mọ̀.

Ọmọ Ìlẹ́ṣà ni Wándé. Ẹ̀kọ́ ẹnjinníà ló wá kọ́, àárín yunifásítì ló sì ń gbé, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì láti to àga, òun náà ló máa ń kó o jọ tí a bá parí. Bí ènìyàn bá bi í pé báwo ni nǹkan, dáadáa ni. Bí òjò rọ̀, dáadáa ni. Bí ìdánwò le, dáadáa náà ni.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésì ọdún náà, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a níbi tó ti ń to àga lé ara wọn. Mo bi í pé, “Wándé, níbo lo ti máa ṣọdún?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mà, ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Dallas tó ní kí n máa bọ̀.”

Mo ní ó dáa, mo ní kí Ọlọ́run sìn ín lọ. Mo bu ìrẹsì díẹ̀ sínú abọ́ fún un, pé kó rí nǹkan jẹ lọ́nà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún bàbá yín nínú mọ́tò pé ó dára tí ọmọ náà ní èèyàn ní Dallas.

Kò ní ẹnì kankan ní Dallas.

Ọmọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dáníẹ́lì ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. League City ni ilé àwọn òbí Dáníẹ́lì. Òun náà ti bi Wándé níbi tó ń lọ, Wándé sì ní ìdílé kan láti ṣọ́ọ̀ṣì òun ní Alief ti ń retí òun. Dáníẹ́lì ní kó fún òun ní nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ kí òun lè kí i kú ọdún. Ó fún un ní nọ́ńbà wa. Obìnrin tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ yìí gan-an lobìnrin náà ń ṣe, òun náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wándé ní òun ń bá ọ̀rẹ́ òun lọ sí League City.

Ṣé o rí i? Ó sọ Dallas fún wa, ó sọ Alief fún Dáníẹ́lì, ó sọ League City fún họ́sítẹ́ẹ̀lì. Gbogbo wa la béèrè. Ó dá gbogbo wa lóhùn. Ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀, kálukú lọ múra ọdún tirẹ̀.

Òtútù wá mú Houston lọ́sẹ̀ náà, irú èyí tí ará ibí kì í retí. Ní ilé tiwa, omi dì nínú páìpù, a ń fi omi inú kẹ́ẹ̀gì dáná, ẹ̀yin ọmọ sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń yọ èéfín lẹ́nu bí ẹni tó ń mu sìgá. Ọ̀dọ̀ wọn ní yunifásítì, wọ́n ti pa ohun tí ń mú ilé móoru, nítorí wọ́n gbà pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni fóònù dún. Ohùn ọmọ òyìnbó kan ni. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní Dáníẹ́lì lorúkọ òun, pé òun fẹ́ bá Wándé sọ̀rọ̀. Mo ní Wándé ti lọ sí Dallas.

Ó ní, “Rárá, mà. Ilé yín ló sọ fún mi pé òun wà.”

Àṣàkẹ́, mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Bàbá yín béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọmọ náà ti dàgbà, bóyá ó wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan. Mo ní bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin ló wà, a ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú pé a wá yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ lọ wò ó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bàbá yín mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. A ní kí o máa wo Káyọ̀dé, pé a fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Fíríwéè ṣófo, mọ́tò kò sí lójú títì. N kò rí fíríwéè Houston bẹ́ẹ̀ rí, kò sì wù mí kí n tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Dáníẹ́lì ti ṣáájú wa débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé League City jìnnà ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò sẹ́nì kankan nínú ilé, pé òun fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn. Dáníẹ́lì kò yé bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣí i fún wa.

Òtútù inú ilé náà ju ti ìta lọ. A gun àtẹ̀gùn dé òkè, Dáníẹ́lì ń sáré níwájú. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, “Wándé, èmi ni. Ìyá Títí ni.” Ikọ́ la gbọ́.

Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti ti Dáníẹ́lì bora. Páálí kọnfíléèsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Abọ́ tí mo fi bu ìrẹsì fún un, ó ti fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sórí tábìlì, kó lè rí i dá padà fún mi. Nígbà tó rí wa, ó gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀. Ibi tó ṣubú sí ló ti kí wa.

Ó ní, “Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná bí áyọ̀ọ̀nù. O mọ̀ pé bàbá yín kì í sunkún. Wọ́n kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n pọn ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́. Dáníẹ́lì gbé bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé wa.

Òtútù àyà ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ọmọ òyìnbó yẹn kò bá tẹ̀ wá láago. Wọ́n dá a dúró lọ́sibítù títí ibà náà fi lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà la gbé e wá sílé, tí ìwọ náà fi rí i.

N kò bá a wí. Mo dúró títí ó fi lè jókòó mu ògì, kí n tó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní, “Mà, nílé wa ní Ìlẹ́ṣà, kò sọ́dún tí àlejò kì í kún ilé. Èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹní fún wọn. Mi ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àlejò.”

Ó mu ògì díẹ̀ sí i. Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ìyókù. Ó ní, “Ẹ sì bi mí níbi tí mò ń lọ, mà. Ẹ ò ní kí n wá.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ bi ọmọ kankan níbi tó ti fẹ́ ṣọdún mọ́.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ nìyẹn, ọmọ mi, tí o bá sì gbàgbé ìyókù, má gbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe ìpè. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa, tí o bá bi í bóyá ó níbi tó ń lọ, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ojú má bàa ti ìwọ tó ò ń béèrè. Sọ fún wọn pé, “Mò ń se ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé, àwo rẹ wà níbẹ̀.” Ẹni tó bá níbi tó ń lọ lóòótọ́ yóò sọ fún ọ pé òun kò ní sí nílé. Ẹni tí kò níbì kankan yóò kàn wá ni, kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ìkejì, dárúkọ ọjọ́, kí o sì dárúkọ aago. Ìyẹn jẹ́ ohun tí èmi fi ojú ara mi rí. Nígbà tí èmi àti bàbá yín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbí, tí o ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, obìnrin kan nínú kíláàsì mi sọ fún mi nígbà tí a ń lọ fún ìsinmi pé kí a yà sọ́dọ̀ àwọn nígbàkígbà. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, mo wọ aṣọ àǹkárá mi tó dára jù, bàbá yín wọ kóòtù, a wọ bọ́ọ̀sì méjì, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, a sì kan ilẹ̀kùn. Aṣọ ìsùn ni gbogbo ìdílé náà wọ̀. Ọkọ rẹ̀ mú bébà tí wọ́n fi di ẹ̀bùn lọ́wọ́, ó ń wò wá bí ẹni pé a wá gba owó iná. Wọ́n ṣe dáadáa sí wa o, wọ́n fún wa ní kéèkì, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé a kò yẹ níbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń padà bọ̀, bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ bínú, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ṣùgbọ́n ìyókù ìsinmi náà, a kò tún lọ ilé ẹnì kankan mọ́. Inú mọ́ọ̀lù la ń lọ lójoojúmọ́, nítorí pé ibẹ̀ móoru, iná sì wà. A ó máa rìn lọ, a ó máa rìn bọ̀, a kò ra nǹkan kan. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Nítorí náà, má sọ “nígbàkígbà” fún àwọn ọmọ yẹn.

Ìkẹta ni iṣẹ́. Fún wọn níṣẹ́. Nígbà tí ara Wándé bẹ̀rẹ̀ sí yá, bí ológbò ló ń rìn nínú ilé wa. Kì í mu omi àyàfi tí mo bá bu ún fún un. Bí mo bá bu oúnjẹ, ó ti yó. Lọ́jọ́ kan, mo ń múra iṣẹ́, mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi ṣa á, pé mi ò ráyè. Ó ṣa á bí ẹni tó ń ṣa wúrà. Nígbà tí mo padà dé lálẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Káyọ̀dé ti se ẹ̀wà ọ̀hún, ó ti jó díẹ̀, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣí fìríìjì fúnra rẹ̀. Òun ló kọ́ Káyọ̀dé ní ìṣirò tó fẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń bá mi gbé aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn àpátímẹ́ǹtì. Nítorí náà, má ṣe nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀. Jẹ́ kí kálukú se oúnjẹ ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀, kódà bí ata rẹ̀ bá fẹ́ pa yín.

Ọ̀rọ̀ fóònù ńkọ́? Lọ́jọ́ ọdún, wọn yóò pe ilé. Wàá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ní kí wọ́n gbé fóònù fún ìyá, fún àbúrò, fún àwọn ará ilé kejì. Tí wọ́n bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, má bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ tó sun ilé wa. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló le jù nínú gbogbo ìsinmi. Bu tíì fún kálukú, kí o sì jókòó sítòsí, máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ tó bá wù ú.

Àwọn kan yóò kàn máa sùn ni. Ìdánwò ti fọ́ wọn lórí, jẹ́ kí wọ́n sùn, ṣùgbọ́n rí i pé wọ́n ń jí jẹun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin nínú ilé tó ṣófo, èmi náà ti jẹ́ ọmọdé rí, mi ò ní kọ púpọ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ kó máa wà ní ṣíṣí.

O rántí bí ilé wa ṣe rí láwọn Kérésì tó tẹ̀ lé ti ọdún náà. Wándé ló fà á. Yóò kanlẹ̀kùn, yóò ní, “Mà, mo mú ẹnì kan wá,” ẹnì kan náà yóò sì jẹ́ mẹ́ta. O rántí ọmọ Etiópíà tó ń gbààwẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ń jẹ ẹran, tó fọwọ́ ara rẹ̀ se ẹ̀wà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí gbogbo wa sì fi ẹran sílẹ̀ lọ bá a jẹ ẹ̀wà. O rántí ọmọbìnrin Malesíà tó ń di irun fún ọ. Dáníẹ́lì ní òun fẹ́ fọwọ́ jẹ ẹ̀bà, gbogbo ilé dúró wò ó, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n tún bù sí i. Ìgbà kan wà tí o bínú pé o kò ríbi jókòó wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé bàbá rẹ. N kò dá ọ lẹ́bi, o ṣì kéré. Wándé ti wà ní Kalifọ́níà báyìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lọ́dún tó kọjá, ó ní ọkọ òun tún ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, pé òun ń dá èèyàn kọjá kí òun tó dé ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń ráhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti òkè yìí, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń sọ nípa rẹ̀. Lórí fóònù, o sọ pé kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́, pé iṣẹ́ yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o kò ní mọ̀ pé ọdún ń kọjá. Mo gbọ́. Èmi ni mo bí ọ. Bàbá yín ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, èmi náà ti bá nọ́ọ̀sì kan pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Mẹkáníìkì ti yẹ mọ́tò wò, ó sì ti da oògùn tí kò ní jẹ́ kí omi dì sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, bó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, máa wo ojú títì. Èmi, bàbá yín àti Káyọ̀dé ni. Ata gígún, ẹja gbígbẹ, èlùbọ́ àti ìkòkò ńlá wà lọ́wọ́ wa, nítorí n kò mọ̀ bóyá họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ní ìkòkò tó lè gba oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kí Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ fún ọ ní ojú tí yóò rí ohun tí ẹnu kò sọ. Kí ara rẹ má ṣe tutù, kí ọkàn rẹ má sì ṣe tutù.

Má wá hòtẹ́ẹ̀lì fún wa. Ibi tí àwọn ọmọ yẹn bá sùn sí ni kí o fi wá sí. Bí ọ̀gá rẹ bá sì bi ọ́ pé àwọn wo nìyí, sọ fún un pé àwọn òbí rẹ ni, wọ́n wá ṣọdún nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́